Kí Ni Ìyáàlù Sọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Ańpílífáyà Inú Ilé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ fún ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Douglasville, ìpínlẹ̀ Georgia

Nígbà tí ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ańpílífáyà, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà. Mo ní n ó gbìyànjú. Ẹ ó rí i pé n kò lè yẹra fún un pátápátá, nítorí owó gọbọi ni a fi ń ra ẹ̀rọ yìí, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ mọ̀ bóyá ańpílífáyà dára, kó fi àwo ilé wa sí i, kó sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìyáàlù sọ. Bó bá gbọ́ ọ ketekete, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Bó bá jẹ́ ariwo nìkan ló gbọ́, ẹ̀rọ ọ̀hún ìbáà gbé orúkọ ńlá, ìbáà wọ́n ju mọ́tò lọ, kò tíì ṣe iṣẹ́ tó torí rẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ti ìtòsí bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba I-20 láti Douglasville níbí wọ Atlanta, nǹkan bí ogún máìlì ni yóò rìn kó tó dé àdúgbò tí Morehouse College wà. Ní 1950, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ajídò, lẹ́bàá Badagry, wọ ilé ẹ̀kọ́ náà lórí owó ìrànwọ́ ẹgbẹ́ Rotary. Babatunde Olatunji ni orúkọ rẹ̀. Ó gboyè ní 1954, ó kọjá sí New York láti túbọ̀ kàwé, ìlù sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1960, ilé iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀ jáde, Drums of Passion. Ní 2004, Ilé-ìkàwé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fi àwo náà sínú àkójọ àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní òun kò gbọdọ̀ pàdánù.

Ẹ wo ọdún tí àwo yẹn jáde dáadáa. Àwo sítẹ́ríò, èyí tó ní ohùn ọ̀tún àti ohùn òsì, 1958 ló bọ́ sọ́jà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó rí owó ná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ ańpílífáyà olóhùn kan sí olóhùn méjì, wọ́n sì ń wá àwo tí wọn yóò fi han àlejò pé nǹkan tuntun ti wọlé. Àwo ìlù wà lára èyí tí wọ́n ń rà. Ìlù kì í bo àṣìṣe ẹ̀rọ mọ́lẹ̀: bí kànǹgó bá bà á, ohùn á dìde lójijì, á sì tún rọlẹ̀ lójijì, ẹ̀rọ tó bá lọ́ra á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni ìlù ọmọ Ajídò wọ pálọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ, wọ́n kàn ń gbọ́ bó ṣe ń dún ni. Àwa tó yẹ kí a gbọ́ méjèèjì ni mo wá bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Lọ́dọ̀ tiwa nílé, ọ̀nà mìíràn ni ẹ̀rọ gbà wọlé. Àpótí Rediffusion dé Èkó ní 1935, ó dé Ìbàdàn lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn wa sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé àpótí ọ̀hún kò ní ańpílífáyà nínú. Sípíkà lásán ni. Ańpílífáyà wà ní ibùdó àwọn tó ni ín, wáyà orí òpó ló ń gbé ohùn wọ ilé oníkálukú, ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí o gbọ́ ni o máa gbọ́. Ìgbà tí rédíògíráàmù dé, pẹ̀lú pákó dídán rẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ kan pálọ̀, ni ọ̀pọ̀ baálé ilé ní ańpílífáyà tirẹ̀, tí ó sì lè yan Haruna Ishola ní àárọ̀, kó yan I. K. Dairo ní alẹ́.

Lẹ́yìn náà ni owó Udoji dé. Nígbà tí ìjọba Gowon san àjẹsílẹ̀ owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975, ọ̀pọ̀ owó yẹn ló gba ọjà ẹ̀rọ lọ tààrà: fíríìjì, tẹlifísọ̀n, alùpùpù, àti sítẹ́ríò láti Japan. Sansui, Pioneer, Akai, Technics: àwọn orúkọ tó di orúkọ ilé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó wà níbí, inú pálọ̀ Udoji ni ẹ ti kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ orin. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ níbẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, ni pé kí ará àdúgbò gbọ́ pé a ti rà á.

Ó yá, kí ni iṣẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an? Abẹ́rẹ́ tó ń tọ ipa ojú àwo ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ló ń di iná. Iná ọ̀hún kéré jọjọ: lára abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan ni. Kò lè mi nǹkan kan. Sípíkà ní tirẹ̀ jẹ́ páálí àti wáyà tí a gbọ́dọ̀ máa tì síwájú, kí a máa fà sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ inú yàrá tó lè gbé ohùn. Àárín àwọn méjèèjì ni ańpílífáyà dúró sí. Ó ń wo iná kékeré tó ti ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ wá, ó sì ń fi iná ńlá tó ti ara ògiri wá ya àwòrán rẹ̀, láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá fi kún un tàbí tó yọ kúrò níbẹ̀ ti parọ́ mọ́ onílù.

Ohun kan wà tó ń ba orin jẹ́ nílé wa ju gbogbo ohun mìíràn lọ, kò sì gba kọ́bọ̀ láti tún un ṣe. Láti 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà ti fẹnu kò pé bí wọ́n bá ń gé àwo, wọn yóò dín bàsì kù kí ipa ojú àwo má baà fẹ̀ jù, wọn yóò sì gbé tírẹ́bù sókè. Ayé sì tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà, ańpílífáyà tó bá fẹ́ gba àwo gbọ́dọ̀ ṣe òdìkejì ohun tí wọ́n ṣe. Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lẹ́yìn ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò AUX kì í ṣe é. Mo ti wọ ilé ẹni tó sọ pé àwo Haruna Ishola òun ti gbó, pé agídìgbo kò dún mọ́. Àwo kò gbó. Ihò tí kò yẹ ni wọ́n ki wáyà bọ̀. A yọ ọ́, a ki wáyà bọ PHONO, agídìgbo jókòó sí àyè rẹ̀, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyàwó rẹ̀ láti kíṣìnnì. Ẹ fọkàn sí i pé àwọn ẹ̀rọ ayé òde òní mìíràn kò ní ihò PHONO rárá. Àpótí kékeré kan wà tí a ń rà lọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí wọ́ọ̀tì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ. Ẹ rántí àwọn rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n kọ PMPO sí lára pẹ̀lú nọ́ńbà wọ́ọ̀tì tó wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ òótọ́ ni, iná àdúgbò ìbá máa ṣẹ́jú nígbà tí a bá tàn án. Níbí, irú àsọdùn bẹ́ẹ̀ ló mú kí àjọ FTC ti ìjọba àpapọ̀ ṣòfin ní 1974 pé ẹni tó bá ń ta ańpílífáyà inú ilé gbọ́dọ̀ sọ iye wọ́ọ̀tì tí ẹ̀rọ lè gbé jáde láìdúró, kó sì sọ iye ìdènà iná (ohm) tí ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹ wá nọ́ńbà yẹn. Ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ fún àwọn apolówó ọjà.

Bí ẹ bá sì rí nọ́ńbà ọ̀hún, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Láti 50 wọ́ọ̀tì sí 100, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ni ohùn fi lé, etí rọra mọ̀ ọ́n ni. Kí ohùn tó dà bíi pé ó ti di ìlọ́po méjì létí yín, wọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ orin ní pálọ̀ tí ẹ ṣì ń bára yín sọ̀rọ̀, wọ́ọ̀tì kan tàbí méjì ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ra 200 wọ́ọ̀tì lè wá béèrè pé kí ló wá ń ṣe èyí tó kù.

Onílù ló ń dúró dè. Nígbà tí orin ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, tí gángan sì já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìró kan yẹn lè béèrè ìlọ́po mẹ́wàá agbára tí orin ń lò, kó béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún àkókò tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Tíránsífọ́mà ńlá àti àwọn kapásítọ̀ tó mú kí ẹ̀rọ wúwo tó bẹ́ẹ̀, ìkòkò omi ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n jẹ́: a ti pọn ọ́n kún sílẹ̀ kí àlejò tó dé. Bí ìkòkò bá kéré, ẹ̀rọ á gé orí ìró náà kúrò pẹrẹsẹ, ohùn á sì le koránkorán. Gígé yẹn gan-an ló ń jó sípíkà kékeré tó ń gbé tírẹ́bù. Àwọn èèyàn rò pé ańpílífáyà ńlá ló ń jó sípíkà. Ańpílífáyà kékeré tí a yí fólúùmù rẹ̀ dé òpin nítorí pé àna wá kí wa ló sábà máa ń jó o.

Ní ti orúkọ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Frank McIntosh dá ilé iṣẹ́ ańpílífáyà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1949. Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, iná búlúù ojú wọn ni àwọn olólùfẹ́ fi ń dá wọn mọ̀. MC275 wọn jáde ní 1961, 75 wọ́ọ̀tì ní apá kọ̀ọ̀kan, fáàfù onígíláàsì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ tà títí di ayé tiwa yìí. Ẹ̀rọ McIntosh ló gbé ohùn níbi àríyá orin Woodstock ní 1969. Ní 1978, Pioneer gbé SX-1980 jáde, 270 wọ́ọ̀tì ní apá kọ̀ọ̀kan, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni kan kò fi ní fẹ́ dá a gbé gun àtẹ̀gùn. Ní ọdún 1978 yẹn kan náà ni NAD 3020 jáde, pẹ́lẹ́bẹ́, ó rọrùn rà, 20 wọ́ọ̀tì péré. Lórí àwo sákárà Yusuf Olatunji, nínú yàrá tí kò tóbi jù, èmi yóò mú 20 wọ́ọ̀tì yẹn láìrojọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ná owó ńlá, ẹ forí jì mí fún èyí tí mo fẹ́ sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1987, ìwé ìròyìn Stereo Review gbé èsì ìdánwò kan jáde. Wọ́n kó ańpílífáyà jọ, láti èyí tí kò tó $300 dé èyí tó lé ní $10,000, wọn ò jẹ́ kí àwọn tó ń gbọ́ rí èyí tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí wọ́n sọ èwo ni èwo. Ìdáhùn wọn kò sàn ju kí èèyàn ju owó ẹyọ sókè lọ. Inú bí ọ̀pọ̀, ìjà ọ̀hún kò sì tíì parí. Ìdájọ́ tèmi ni pé níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fipá lé ẹ̀rọ kọjá agbára rẹ̀, ìyàtọ̀ kéré sí ohun tí olùtajà ń sọ. Owó tó ju ìyẹn lọ ń ra ẹwà, ó ń ra irin tó nípọn, ó ń ra ẹ̀rọ tí yóò pẹ́ tí a ó fi jogún fún ọmọ. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Aṣọ òkè náà kò bo èèyàn lára ju ańkárá lọ. Kí a ṣáà mọ ohun tí a ń rà.

Ibi tí owó ti ń ṣiṣẹ́ jù ni sípíkà, lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrá. Ní Douglasville yìí, ilé tí à ń rà ní àjà tó ga dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilẹ̀ onípákó dídán, fèrèsé gíláàsì gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ohùn tó bá jáde níbẹ̀ á lọ lu àjà, á lu gíláàsì, á padà wá dàpọ̀ mọ́ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyáàlù kò lè yéni nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, nítorí gbólóhùn kejì ti dé kí àkọ́kọ́ tó kúrò nílẹ̀. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn síwájú sípíkà. Ẹ fi kọ́tìnnì sí fèrèsé. Ẹ fa sípíkà kúrò ní igun ògiri, igun ń sọ bàsì di ńlá. Bí ẹ bá ní básímẹ́ǹtì, ẹ lọ síbẹ̀, ìyàwó ilé á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ ti ń tọ́jú yàrá, ẹ tọ́jú etí yín náà. Àjọ CDC tó ń bójú tó ìlera, ní Atlanta níbí ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, ẹ̀ka rẹ̀ kan tó ń jẹ́ NIOSH ti ní 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni ariwo tí òṣìṣẹ́ lè gbà fún wákàtí mẹ́jọ. Bó bá fi mẹ́ta lé, àkókò á pín sí méjì: 88, wákàtí mẹ́rin. Nígbà tó bá di 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Ẹ wá ro òde àríyá wa, tí a ń bọ́ sílé ní aago mẹ́ta òru tí etí ń hó. Etí tó bá ti bàjẹ́, kò sí McIntosh tó lè tún un ṣe.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyáàlù. Ẹ mú àwo mẹ́ta. Ẹ fi Haruna Ishola sí i: kò sí gìtá, kò sí fèrè, agídìgbo ló wà nísàlẹ̀, ìlù wà lókè rẹ̀, ohùn ènìyàn wà láàárín. Bí bàsì bá bo ohùn mọ́lẹ̀, ẹ yí i wálẹ̀. Ẹ fi Ayinla Omowura sí i, ẹ tẹ́tí sí bí ìlù Adéwọlé Oníluọlà ṣe ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Juju Music tí King Sunny Ade ṣe fún ilé iṣẹ́ àwo Island ní 1982 sí i. Gìtá pọ̀ níbẹ̀, gìtá onírin Demola Adepoju ń fò lókè, gángan sì ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí gángan dúró sí, láàárín sípíkà ọ̀tún àti ti òsì, ẹ̀rọ yín dára, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀, ohun yòówù kí ọ̀rẹ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Orí fóònù ni àwọn ọmọ wa tí a bí sí Georgia ti ń gbọ́ àwọn orin yìí, tàbí lórí sípíkà kékeré tí kò tó ìgò omi. Sípíkà bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù jáde. Ìró kànǹgó lára awọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Dò ti lọ, mí ló kù. A wá sọ fún wọn pé ìlù Yorùbá ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń wò wá. Ẹ pè wọ́n wá síwájú sípíkà gidi. Ẹ dá àwo dúró, ẹ sọ ohun tí onílù wí: oríkì ni, òwe ni, orúkọ ẹni tó náwó fún un ni. Ẹ dá a padà, kí wọ́n tún un gbọ́. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ò bá mọ̀, ẹ pe àgbàlagbà kan nílé lórí WhatsApp.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ẹ̀rọ sínú kọ̀ǹtéènà lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, 60 hertz. Ti Nàìjíríà jẹ́ 230 fóòtì, 50 hertz. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 120V 60Hz nìkan sí lára, tí a bá kì í bọ iná ilé, èéfín ni. Àwọn tó ń ta tíránsífọ́mà ní ọjà Alaba ní Èkó á sọ fún yín pé tiwọn yóò sọ 230 di 110, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 60 nìkan á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Japan tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ òkèèrè ní ibi tí a ti ń yí fóòtì padà lẹ́yìn, wọ́n sì kọ 50/60Hz sí i. Irú ìyẹn ni kí ẹ wá bí ilé ni ẹ̀rọ ń lọ.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Àwo wà nínú gáréèjì ọ̀pọ̀ yín, nínú páálí tí ẹ gbé wá láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta, tí ẹ kò tíì ṣí. Ooru gáréèjì ní oṣù keje níbí á tẹ̀ wọ́n, àwo tó bá ti tẹ̀ jù kò ṣe é gbọ́ mọ́. Ẹ gbé wọn wọ inú ilé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ tò wọ́n lóòró, ẹ má gbé ọ̀kan lé ọ̀kan. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ, kó mú tirẹ̀ wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. N ó gbé ańpílífáyà àti sípíkà wá. Ẹ kọ orúkọ yín sí ẹ̀yìn àpò àwo kí ẹ tó gbé e lé wa lọ́wọ́.